Ẹ̀yìnkùlé tí oòrùn kì í dé: kí ni mo lè gbìn sí i ní Kubwa?

Ìyá Bọ́lá, Kubwa

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sì kú ooru oṣù kẹta yìí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kékeré kan ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Ilé tí à ń gbé ní Kubwa, ní Àbújá níbí, ní ẹ̀yìnkùlé tó gùn tó ẹsẹ̀ mẹ́rìnlélógún, tó sì fẹ̀ tó méjìlá. Nígbà tí a kó débẹ̀, oòrùn ń pa á láti àárọ̀ títí dalẹ́, ilá tí mo gbìn síbẹ̀ ga jù mí lọ. Ìgbà tó yá, aládùúgbò wa kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì. Igi máńgòrò tó wà lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ náà sì ti di igi ńlá. Ibòòji wá gba gbogbo ibẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, mo dúró wo ilẹ̀ náà dáadáa. Mo rí i pé oòrùn ń wọlé lọ́sàn-án, ó ń tàn sórí ilẹ̀ bíi wákàtí mẹ́rin. Inú mi dùn. Mo kọ ebè, mo ra ajílẹ̀ lọ́wọ́ mállàm tó ń fi bárò tà á kiri, mo sì ṣí tòmátò méjìlá gbìn sí i ní oṣù kẹwàá.

Wọ́n ga. Wọ́n ga ju bí tòmátò ṣe ń ga lọ, ara wọn tín-ín-rín bí okùn, gbogbo wọn tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń yọjú wo òde. Òdòdó yọ, òdòdó já bọ́. Tòmátò mẹ́ta péré ni mo ká, èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju ẹyin àparò lọ. Tí mo bá rántí omi tí mo rà lọ́wọ́ mairuwa ní gbogbo ìgbà ọyẹ́ yẹn, ó máa ń dùn mí.

Bàbá Bọ́lá ní ká da ìńtálọ́ọ̀kì sí i, kí ọkàn mi balẹ̀. Mi ò fẹ́. Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹ̀yìn ilé la ti ń já ẹ̀fọ́ alẹ́. Ta ló ní irú ibòòji báyìí tó sì ń rí nǹkan ká níbẹ̀? Ẹ̀fọ́ ni mo ń béèrè, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá èso náà lè ṣe é.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n, Dutse Alhaji

Ẹ kú ìnáwó omi, mà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní nǹkan mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó máa dárúkọ ẹ̀fọ́ fún yín.

Apá wo ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà wà sí yín, àríwá ni tàbí gúúsù? Wákàtí mélòó ni oòrùn fi ń kan ilẹ̀ ní báyìí, kì í ṣe ní oṣù kẹjọ? Ilẹ̀ abẹ́ máńgòrò yẹn ńkọ́, ṣé ó máa ń tutù àbí ó máa ń gbẹ?

Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé ibòòji ilé àti ibòòji igi kì í ṣe ọ̀kan náà. Òjìji ilé máa ń rìn, kì í sì í bá ẹ̀fọ́ yín du omi. Igi ní tirẹ̀, gbogbo omi tí ẹ bá dà sílẹ̀ ló ń bá yín mu. Ẹ tún wò ó bóyá rinrin ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Níbi tí rinrin bá ti hù, ẹ̀fọ́ tó fẹ́ràn ibòòji tútù á ṣe dáadáa níbẹ̀.

Ìyá Bọ́lá, Kubwa

Mo dúpẹ́. Mo fi gbogbo Sátidé ṣọ́ ọ. Mo fi òkúta kéékèèké sí ibi tí òjìji bá dé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, Bọ́lá sì ń kọ agogo rẹ̀ sára wọn pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì.

Fóònù fi hàn pé gúúsù ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà wà. Ilẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ fẹ́ǹsì lápá ibẹ̀, bí ìṣísẹ̀ méjì sí ìta, oòrùn kò kàn án rárá. Àárín ilẹ̀ ń rí oòrùn láti agogo méjìlá títí di nǹkan bíi mẹ́rin. Abẹ́ máńgòrò, ńṣe ni oòrùn ń tò wínníwínní gba àárín ewé kọjá. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ bí eérú, mo fi ọkọ́ kàn án, gbòǹgbò ni mo bá pàdé. Rinrin wà lẹ́sẹ̀ fẹ́ǹsì lápá pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó pọ̀ gan-an, níbi tí omi ẹ́ẹ̀sì ti ń kán sílẹ̀.

Tísà Samaru, Zaria

Ẹ kú ọgbọ́n, mà, òkúta yẹn wú mi lórí. Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe tòmátò yín, nítorí ẹ̀bi ajílẹ̀ kọ́, ẹ̀bi omi náà kọ́.

Ojú ọ̀nà tí oòrùn ń gbà kọjá lókè máa ń yí padà láti oṣù dé oṣù. Àbújá wà ní nǹkan bíi dìgírì 9 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni oòrùn ń dúró gangan lé yín lórí lọ́sàn-án: àárín oṣù kẹrin, àti apá ìparí oṣù kẹjọ. Láàárín ìgbà méjèèjì yẹn, apá àríwá ló ń gbà kọjá. Láti oṣù kẹsàn-án títí wọ oṣù kẹrin, apá gúúsù ni, ìgbà tó sì ń jìnnà sí gúúsù jù lọ ni nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kejìlá.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà ní gúúsù yín. Lóṣù kẹjọ tí ẹ dúró wò ó, oòrùn ṣì wà lápá àríwá díẹ̀, òjìji ilé náà ń ṣubú sọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ ọ. Ẹ gbìn ní oṣù kẹwàá, oòrùn ti ń yí sí ẹ̀yìn ilé náà. Nígbà tí Kérésì fi máa dé, òjìji ti bo gbogbo ebè yín, àkókò yẹn gan-an sì ni tòmátò ń wá agbára tí yóò fi so. Ilẹ̀ tó tan yín jẹ ní oṣù kẹjọ kì í ṣe ilẹ̀ kan náà ní oṣù kejìlá.

Ẹ lè fojú díwọ̀n rẹ̀. Ní ọ̀sán gangan oṣù kejìlá, òjìji ohunkóhun ní Àbújá máa ń gùn tó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gíga rẹ̀, á sì kọjú sí àríwá. Ilé tó ga ní mítà 6, òjìji rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 4. Ilẹ̀ yín tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ méjìlá, kò tó mítà 4 pàápàá. Ní oṣù kẹfà, òjìji kan náà kò ní ju ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀, gúúsù ló sì máa kọjú sí. Bí ẹ bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, agogo méjìlá ààbọ̀ tàbí díẹ̀ lé ni ọ̀sán gangan ní Àbújá, kì í ṣe méjìlá géérégé.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún yín ni pé láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹjọ ni ilẹ̀ yín ń rí oòrùn ọ̀sán. Ohun tó bá nílò ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i, irú bí ata wẹ́wẹ́, ìgbà òjò ni kí ẹ gbìn ín sí àárín ilẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé nìkan. Ẹni tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bá wà ní àríwá rẹ̀, òdìkejì èyí ni tirẹ̀: ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni oòrùn rẹ̀ máa ń pọ̀.

Ìyá Bọ́lá, Kubwa

Háà! Tísà, ẹ ò mọ ohun tí ẹ gbé kúrò lọ́kàn mi. Mo ti rò pé ọwọ́ mi ni kò dára mọ́.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Karu

Ìyá Bọ́lá, ọwọ́ yín dára. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń gbin ẹ̀fọ́ sáàárín ilé méjì ní Karu níbí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lọ́nà ilé ìdáná. Ewé ni ààrò igi, ìmọ́lẹ̀ ni igi ìdáná rẹ̀. Iná kékeré lè bọ ẹ̀fọ́ jinná, ṣùgbọ́n kò lè se ẹ̀wà. Èso ni ẹ̀wà. Tòmátò, ilá, bàrà, ẹ̀gúsí, gbogbo wọn ń wá iná ńlá, wákàtí mẹ́fà ó kéré tán, mẹ́jọ ló sì wù wọ́n jù. Ewé tí èèyàn fẹ́ já jẹ, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lè tó o, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ fẹ́ kí oòrùn kan àwọn lójú rárá.

Èyí tí mo kọ́kọ́ máa fi lé yín lọ́wọ́ ni gbúre. Ẹ má wá irúgbìn rẹ̀ kiri. Ẹ ra ìdì kan lọ́jà, ẹ já ewé orí rẹ̀ sínú ọbẹ̀, ẹ wá ki igi rẹ̀ tó ṣẹ́kù mọ́lẹ̀, kí ojú ibi tí ewé ti já méjì wà nínú ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àlàfo ìka ọwọ́ mẹ́rin mẹ́rin wà láàárín wọn. Lẹ́sẹ̀ fẹ́ǹsì tí rinrin wà yẹn gan-an ni kí ẹ kó o sí. Nínú oòrùn, gbúre máa ń tètè yọ òdòdó aláwọ̀ osùn, ewé rẹ̀ á wá kéré, á le. Nínú ibòòji, ewé rẹ̀ á fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, á rọ̀ bẹ̀ǹbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ já a, èékánná ni kí ẹ fi gé e, kí ẹ ṣẹ́ bí ìka méjì kù lórí ilẹ̀. Ibi tí ẹ gé yẹn á yọ ẹ̀ka méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹ tún padà débẹ̀. Ẹni tí dókítà bá ti sọ fún pé òkúta wà nínú kíndìnrín rẹ̀ kó má ṣe jẹ ẹ́ lájẹjù, àmọ́ fún ẹni tí ara rẹ̀ le, ẹ̀fọ́ dáadáa ni.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni wọ̀rọ̀wọ́, òun gan-an sì ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ̀yin ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà mọ̀ ọ́n: abẹ́ kòkó ló ń gbé nílé. Ẹ̀fọ́ tó bá lè yè lábẹ́ igi kòkó, kí ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fẹ́ fi ṣe é? Mi ò rí i rà dáadáa lọ́jà Àbújá níbí. Ìgbà tí mo lọ sílé ni mo gé ọ̀pá rẹ̀ mẹ́fà, mo fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù wé e, mo gbé e sórí ẹsẹ̀ láti Adó-Èkìtì títí dé Karu. Mẹ́rin yè. Báyìí, ó ti gun ògiri ilé ìwẹ̀ wa dókè. Omi nìkan ló ń béèrè. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú un, ewé rẹ̀ á rọ wọ̀ọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti bomi rin ín lálẹ́, ilẹ̀ kì í mọ́ kó tó jí.

Amúnútutù náà dára, ẹ ta okùn fún un kó gun fẹ́ǹsì. Ewúro ò ní kọ ibòòji, ẹfinrin náà ò ní kọ̀ ọ́. Ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀ máa ń gbà á tó bá rí oòrùn wákàtí mẹ́rin. Kóró rẹ̀ kéré bí ẹyọ iyẹ̀pẹ̀, ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ẹ tó wọ́n ọn, kó má baà hù mọ́ra wọn. Tẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ má ṣe fi síbẹ̀. Ẹ̀fọ́ oòrùn ni tẹ̀tẹ̀.

Dáre, Lugbe

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ìyá wa. Èmi rò pé kí wọ́n gé máńgòrò náà kúrò. Ó ń gba oòrùn àárọ̀, ó ń gba omi, kí ló kù?

Bàbá Bwari

Dáre ọmọ mi, ẹ rọra o. Èmi náà ti gbé àdá nígbà kan rí nítorí igi máńgòrò, mo sì dúpẹ́ pé mi ò gé e. Igi tó ń bo ilé ní oṣù kẹta ní Àbújá níbí, ẹni tó bá gé e á mọ̀ nígbà tí iná bá lọ lóru tí páànù sì gbóná bí ààrò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìyá Bọ́lá ò sọ pé ilé àwọn ni. Bí ó bá jẹ́ ti láńdílọ́ọ̀dù, kí wọ́n tọrọ àyè kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀ka kankan.

Ohun tí èmi ṣe ni pé mo dúró títí a fi ká máńgòrò tán, mo wá gé àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ tó tẹ̀ wálẹ̀, títí tí èèyàn fi lè nàró lábẹ́ rẹ̀ kó na ọwọ́ sókè. Mi ò dé òkè rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ wá ń gba abẹ́ wọlé ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ má gé ju bí ìdá kan nínú mẹ́rin igi náà lọ lẹ́ẹ̀kan, kó má baà bínú.

Gbòǹgbò rẹ̀ ni wàhálà tó le jù. Ẹ má gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ máńgòrò láti gbin nǹkan, gbòǹgbò náà ló máa kó gbogbo ajílẹ̀ jẹ. Àpò ìrẹsì àti ike ọ̀dà ni kí ẹ lò. Ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀, ẹ kún un pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ dúdú àti ajílẹ̀ tó ti jinná, kí ẹ wá gbé e lé orí òkúta tàbí búlọ́ọ̀kù. Ẹ má gbé e lélẹ̀ lásán. Mo gbé àpò ẹ̀fọ́ kan lélẹ̀ lábẹ́ igi ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò kan, nígbà tí òjò parí tí mo fẹ́ gbé e, kò gbé. Gbòǹgbò máńgòrò ti gba ihò ìdí rẹ̀ wọlé, ó ti hun bí àwọ̀n káàkiri inú àpò. Ọ̀bẹ ni mo fi gé e kúrò nílẹ̀.

Ohun mìíràn tó dára nínú àpò ni pé ẹ lè gbé e tọ oòrùn lọ bí oṣù ṣe ń yí, gẹ́gẹ́ bí Tísà ṣe là á sílẹ̀.

Ẹ tún kun fẹ́ǹsì inú yín ní ọ̀dà funfun. Ọ̀dà olómi tí kò wọ́n ti tó. Ìmọ́lẹ̀ tó bá kan ògiri funfun máa ń ta padà sára ewé. Ẹ̀fọ́ mi tó ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í nàró lẹ́yìn tí a kun ún.

Dáre, Lugbe

Mo gbọ́, bàbá. Ẹ ṣé gan-an. Mi ò ronú kan ooru ilé rárá.

Ará Sabon Gari, Kánò

Àwa tó wà ní Kánò níbí, ibòòji ni a ń fi owó rà. Ní oṣù kẹta sí ìkárùn-ún, ooru lè kọjá dìgírì 40, ẹ̀fọ́ tó wà lójú oòrùn á rọ kí agogo mẹ́wàá tó lù. Mo máa ń so àpò àlùbọ́sà tó ní ihò mọ́ igi mẹ́rin lókè ebè mi láti fi ṣe ibòòji. Ìyá Bọ́lá ní tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, ohun kan tí ẹ lè fi ibẹ̀ ṣe ni ibi tí ẹ ó ti máa hu irúgbìn. Sàláàdì náà fẹ́ràn ibòòji ọ̀sán nígbà ooru. Lójú oòrùn ó máa ń sáré yọ igi òdòdó, á sì korò. Na'ana'a tí wọ́n ń fi sínú tíì náà máa ń tú yẹ́ẹ́ nínú ibòòji, àwọn aládùúgbò yín tó jẹ́ Hausa á máa wá tọrọ rẹ̀.

Ẹni tó bá ń wá irúgbìn tó dájú, ilé ìwádìí NIHORT tó wà ní Ìdí-Iṣin, Ìbàdàn láti 1975 ní ẹ̀ka ní Bagauda ní ìpínlẹ̀ Kánò wa níbí. Iṣẹ́ ẹ̀fọ́ àti èso ni wọ́n ń ṣe.

Sísí Jos

Kí ará Jos má ṣe tẹ̀ lé gbogbo èyí láì yí i padà o. Orí òkè la wà, ó lé ní mítà 1,200, òtútù wa kì í ṣe ti Àbújá. Gbúre inú ibòòji máa ń dúró ṣinṣin láì dàgbà láti oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní. Sitirọ́bẹ́rì tí ẹ ń rí lọ́wọ́ wa, inú oòrùn la ti ń gbìn ín. Bí igi yukalíptọ́ọ̀sì bá sì ni ibòòji yín, ẹ má fi àkókò ṣòfò sí abẹ́ rẹ̀, ewé rẹ̀ tó ń já bọ́ kì í jẹ́ kí nǹkan hù dáadáa.

Bọ̀dá Gwagwalada

Kò sẹ́ni tó tíì dáhùn ọ̀rọ̀ èso. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìrètí èso inú ibòòji kò gbọdọ̀ pọ̀. Ìbẹ́pẹ, ọsàn, gúáfà, kí ẹ gbàgbé wọn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà á dàgbà, ṣùgbọ́n odidi rẹ̀ á kéré sí ti inú oòrùn, á sì pẹ́ kó tó so. Ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ wa, níbi tí omi ti ń ṣàn jáde, ni mo gbin tèmi sí, a ń rí jẹ. Omi tó bá ní bílíìṣì nínú ni mi ò jẹ́ kó gba ibẹ̀.

Ọ̀pẹ̀ òyìnbó á gba ibòòji díẹ̀. Orí èyí tí ẹ bá jẹ tán ni kí ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ wá gbìn ín sínú ike. Ẹ ní sùúrù, ó lè lé ní ọdún méjì. Ẹni tó bá rí irúgbìn agbáyun láti ilé, igi abẹ́ igbó ni, ibòòji kò ṣe é ní nǹkan kan. Àmọ́ òun náà kì í kánjú.

Màmá Kachia

Ẹ má gbàgbé atalẹ̀. Gúúsù Kàdúná ni ilẹ̀ atalẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́kọ sí. Atalẹ̀ fẹ́ràn ibòòji díẹ̀, inú àpò ló sì tún rọrùn jù fún ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré. Ìgbà tí òjò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, ní oṣù kẹrin sí ìkárùn-ún, ni kí ẹ gbìn ín, kí ojú tó ti fẹ́ yọ kọjú sókè. Tí ewé bá ti pọ́n tó sì wó ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, ẹ wú u.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ atalẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbìn wò kínníkínní. Ní 2023, àrùn kan jà nínú oko atalẹ̀ ní ọ̀dọ̀ wa, ewé pọ́n, ìdí jẹrà, oko ńlá ńlá ṣòfò láàárín ìgbà díẹ̀. Àwọn tí mo mọ̀ sunkún. Èyí tó bá rọ̀ ní ibì kan, tàbí tí àwọ̀ inú rẹ̀ ti ṣú nígbà tí ẹ bá bù ú, ẹ má gbìn ín.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Karu

Mo fẹ́ fi kún un kí òjò tó dé. Ní oṣù kẹjọ, ibòòji àti òjò á pàdé, ilẹ̀ ò ní gbẹ. Ẹ gbin ẹ̀fọ́ jìnnà síra wọn kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ewé abẹ́ á bu, ìdí á rà. Tí òjò ò bá rọ̀, àárọ̀ ni kí ẹ bomi rin ín nígbà yẹn, kì í ṣe alẹ́. Ajílẹ̀ adìyẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò, ẹ jẹ́ kó jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ẹ tó lò ó, díẹ̀díẹ̀ sì ni. Ìgbín kéékèèké á wá jẹ ewé lóru. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fọwọ́ ṣà wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì mọ́. Ibi tó tutù tó sì ṣókùnkùn, ejò lè sá pamọ́ síbẹ̀, àwọn ọmọ sì ń ṣeré lẹ́yìn ilé. Mo máa ń fi igi gún ẹ̀yìn ewé kí n tó tẹ ọwọ́ bọ̀ ọ́, títí di òní.

Ìyá Bọ́lá, Kubwa

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Oṣù kẹfà ti dé, mo ní kí n wá jábọ̀.

Láńdílọ́ọ̀dù gbà ká gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀, ìyẹn lẹ́yìn tí a ká máńgòrò tán ní ìparí oṣù karùn-ún. Bàbá Bọ́lá fúnra rẹ̀ ló kun fẹ́ǹsì ní funfun, kò tún dárúkọ ìńtálọ́ọ̀kì mọ́. Mo ra gbúre ìdì méjì ní ọjà Kubwa, mo ki gbogbo igi rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ fẹ́ǹsì. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó rọ, mo ti ń banú jẹ́. Lọ́jọ́ kẹwàá, mo tẹ̀ bá a, mo rí ojú ewéko pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ ní apá ibi tí ewé àtijọ́ ti já, méjì méjì. Mo ti gé e lẹ́ẹ̀mẹta báyìí. Ewé kan wà tí Bọ́lá fi bo gbogbo ọwọ́ rẹ̀.

Ata wẹ́wẹ́ mẹ́rin wà ní àárín ilẹ̀ níbi òkúta agogo kan. Wọ́n ti ń yọ òdòdó, òdòdó náà kò já bọ́. Mo tún wọn òjìji pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní agogo méjìlá ààbọ̀ lọ́jọ́ Àìkú: kò sí èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa rárá, bí Tísà ṣe sọ. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni mo ti sàmì sí lórí kàlẹ́ńdà pé kí n má ṣe gbin ohun eléso kankan mọ́ síbẹ̀.

Atalẹ̀ wà nínú àpò mẹ́ta lórí búlọ́ọ̀kù. Ṣọkọ ni kò hù dáadáa, mo rò pé mo bò ó jinlẹ̀ jù.

Ohun tó kù ni wọ̀rọ̀wọ́. Màmá Karu, mo ti wá a ní Kubwa, ní Dutse, ní ọjà Wuse, mi ò rí i.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Karu

Ẹ kú iṣẹ́, ìyá Bọ́lá, inú mi dùn. Ṣọkọ, ẹ má bò ó, ẹ kàn fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀ tútù.

Wọ̀rọ̀wọ́ tèmi ti kọjá páànù ilé ìwẹ̀. Mo máa gé ọ̀pá mẹ́jọ fún yín ní àárọ̀ Sátidé tó ń bọ̀, ọmọ mi tó ń wakọ̀ sí Kubwa á gbé e wá. Ẹ ti tọ́jú ike olómi sílẹ̀, kí ẹ ki ọ̀pá náà bọ inú rẹ̀ bí ó bá ti dé. Ẹ má jẹ́ kó sùn kí ẹ tó gbìn ín.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n, Dutse Alhaji

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé mẹ́ta kún un. Ojú ọ̀nà ni Dutse wà, màá dúró dè é ní jọ́ńkísàn.